Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Aṣọ: Iṣan Ìsàlẹ̀ Ikùn Àwa Obìnrin

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa)

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni a bá wá.

Ó pọ̀ nínú wa tí ó jẹ́ pé bí a bá sín, tí a bá wúkọ́, tàbí tí a bá gbé ẹrù nílẹ̀, ìtọ̀ a yọ sí wa lára. A kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. A ó ká àkísà sábẹ́, a ó wọ yẹ̀rì méjì, a kò sì ní mu omi láti òwúrọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn ìyá wa ní ohun tí ọmọ bíbí mú wá nìyẹn, kí a máa mú un mọ́ra. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ìsàlẹ̀ ikùn, láti egungun iwájú títí dé egungun ìdí, iṣan kan tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Òun ni ó gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró, òun náà ni ó ń fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ pa. Oyún a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún oṣù 9, ìrọbí a fà á gbọọrọ. Ẹrù wúwo, ikọ́ tí kò lọ, àti ìgbẹ́ líle tí a ń fi ipá yà, gbogbo wọn ni ó ń dẹ ẹ́. Nígbà mìíràn ilé ọmọ a sọ̀ kalẹ̀, a sì máa ṣe obìnrin bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àtọ̀sí. Iṣan tí ó dẹ̀ ni, iṣan sì ṣeé kọ́.

Ọ̀já tí àwọn ìyá fi ń gbá wa nínú dára, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí iṣan yìí wà. Ní 1948 dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, kọ nípa eré ìdárayá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ dá isó àti ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á sókè sínú, ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, ẹ tún ka 5. Ẹ ṣe é ní ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán. Ẹ má sé èémí, ẹ má fún ìdí tàbí ikùn pọ̀, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́. A lè ṣe é nídìí ẹ̀rọ, fọ́máànù kò ní mọ̀. Kí ẹ tó gbé ẹrù, kí ẹ tó sín, ẹ kọ́kọ́ fún un pa.

Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀, tàbí tí nǹkan ń yọ lábẹ́ rẹ̀, kí ó lọ rí nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rọbí pẹ́ títí, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru láìdúró, tirẹ̀ yàtọ̀: ihò ni ó lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Eré ìdárayá kò lè dí i, dókítà ni yóò rán an. Kí ó tètè lọ.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú èyí? Ní ẹ̀ka ìdì-ẹrù, ọwọ́ fọ́máànù ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ wà, ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń gbà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kò fi ń mu omi. Àìmu omi a mú ìtọ̀ ki, a máa ta àpò ìtọ̀ lára, a sì tún mú ìgbẹ́ le. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Abala yẹn kò dárúkọ ẹrù. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ 6 bá ti pé, wọ́n a ní kí ó wá máa gbé páálí bíi ti tẹ́lẹ̀.

A ti kọ lẹ́tà sí àwọn agbanisíṣẹ́: kí ilé ìtọ̀ wà ní ṣíṣí, kí abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé má ṣe dá ẹrù wúwo gbé, kí wọ́n sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá kọ́ wa. Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin ti fọwọ́ sí i. Apá tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin ṣì ṣófo.