Iyán Ogún Ọdún: Ọ̀rọ̀ Lórí Tíì, Oúnjẹ àti Bí A Ṣe Ń Pín In

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa alukoro wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n rò pé a ó ka àwọn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ṣe. Àwọn iṣẹ́ náà wà nínú ìwé yìí, àwòrán wọn náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni a fẹ́ sọ, èyí tí a máa ń sọ nídìí mọ́tò lẹ́yìn ìpàdé, ṣùgbọ́n tí kì í wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Láti ọdún mẹ́wàá, a ti yanjú ọ̀rọ̀ owó, a ti yanjú ọ̀rọ̀ ipò. Èyí tí kò tíì tán ni ọ̀rọ̀ abọ́ àti ife.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí tíì. Gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́ ní oṣù yìí, Oǹdó ni ó kàn ní oṣù tí ń bọ̀. Ní oṣù tí ó bá kan Oǹdó, láyé àtijọ́ ẹgbẹ́ yìí, àwọn ará Àkúrẹ́ ni ó máa ń gbé fúláàsì dání. Omi tí wọ́n sè ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ó dúró ní Ọwẹ̀nà de àwọn tí ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó tún dúró de àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti kíka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ooru wo ni ó kù nínú rẹ̀? Ẹ ó ri ewé tíì sínú rẹ̀, yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ ó da Milo sí i, yóò léfòó bí eruku ọ̀nà oko. Ewé tíì ń fẹ́ omi tí ó hó. Lúbúlúbú kòkó ń fẹ́ kí á kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó kí ó kúnná, kí á tó bu omi yòókù lé e. Gbogbo ìyá wa ni ó mọ èyí.

Lẹ́yìn omi ni mílíìkì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì a da ìdajì agolo sínú ife kan ṣoṣo, tíì rẹ̀ a funfun bí ẹ̀kọ. Akápò wa ni ó máa ń mu tíì dúdú, nítorí òun ni ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn tí ó pẹ́ dé nígbà tí àwa yòókù ń pín mílíìkì. Ṣíbí kan ni fún ènìyàn mẹ́wàá. A ti rí ẹni tí ó fi bírò ro tíì nínú ẹgbẹ́ yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́lọ́wọ́ níbi tí ó jókòó sí.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ tíì ń bá fà á. Ní oṣù January 1946, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, George Orwell, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Evening Standard ní Lọ́ńdọ̀nù, ó la òfin 11 sílẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí á po tíì. Ó ní tíì ni kí á kọ́kọ́ dà sínú ife kí á tó bu mílíìkì lé e, ó sì ní ṣúgà ń ba adùn tíì jẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn ènìyàn yóò bá òun jiyàn. Ní 1980, ISO, àjọ àgbáyé tí ó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́, tẹ ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe ń po tíì tí a fẹ́ tọ́ wò: gíráàmù 2 ewé tíì sí mìlílítà 100 omi híhó, kí ó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú rẹ̀. Bí àwọn tí ó mú tíì wá bá wa bá lè jókòó ṣe ìpàdé lé e lórí, kí ojú má ti àwa náà.

Àti pé kí ni àwa gan-an ń pè ní tíì? Ewé tíì gidi, orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà. Ní ilé tiwa, Bournvita ni tíì, Milo ni tíì, Ovaltine ni tíì. Kòkó ni ó wà nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí sì ni ó ń mú kòkó jáde jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé owó kòkó ni òbí wa fi rán wa lọ sí ilé-ìwé. Síbẹ̀, bàbá tí ó ń sá kòkó sínú oòrùn kì í mu tíì. Agolo rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, aláìsàn àti àlejò ni wọ́n ń pò ó fún. Bí wọ́n bá po tíì fún ọmọ, yálà ibà ń ṣe é, tàbí ó gba ipò kìíní ní kíláàsì. Nítorí náà, bí ẹni ọdún 45 bá ń bínú pé tíì kò kan òun, ẹ má pè é ní ọ̀kánjúwà. Ohun tí ó ti mọ̀ láti kékeré ni pé ẹni tí wọ́n bá kà sí ni wọ́n ń po tíì fún.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí iyán. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àlejò tí ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì tí kò rí iyán, bí ó bá délé, yóò ní òun kò jẹun. Ṣùgbọ́n iyán òde ayẹyẹ ti di iyán inú ọ̀rá. Wọ́n ti gún un láti òru, ó ti làágùn sínú ọ̀rá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti le, bí ẹ bá sì ń tú u, ọ̀rá a bá a wá sínú ọbẹ̀. Ẹ ó béèrè omi ìfọwọ́, wọn a ní ó ń bọ̀. Omi mímu a dé nígbà tí ẹ bá jẹun tán. Ẹni tí ó béèrè ẹran, pọ̀nmọ́ ni yóò bá. Ẹnìkan a sì wà tí ó ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó tún gbé ike mẹ́ta pamọ́ sábẹ́ àga, tí yóò ní ti àwọn ọmọ òun ni.

Ìṣirò ni iṣẹ́ wa ní báńkì, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní tábìlì mẹ́wàá ni a tò, tí ènìyàn mẹ́jọ jókòó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 80 nìyẹn. Alásè gé ẹran 90 kí ó lè ṣẹ́ kù. Bí gbogbo ènìyàn ìdí tábìlì mẹ́ta iwájú bá mú ẹran méjì méjì, 48 ti lọ. Ó ku 42 fún ènìyàn 56. Ènìyàn 14 ni yóò fi ọbẹ̀ lásán jẹun. Alásè kò jalè, ìgbìmọ̀ kò jẹ owó, oúnjẹ náà sì tó. Ìpín ni kò dára. Àwọn 14 yìí kan náà sì ni ó máa ń jókòó sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà: àwọn tí ọ̀nà wọn jìn tí wọ́n fi pẹ́ dé, àwọn tí kò sí ní ipò, àwọn ìyàwó wa tí ó ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́.

Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ní ọdún kẹrin ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa tí ń gbé ní Oǹdó wá sí ayẹyẹ ìparí ọdún wa ní Àkúrẹ́. A gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ ìtàn yìí. Ó ní kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Òun ni ó bá wa ra ewúrẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe àsun. Àsun ti di ti gbogbo ayé báyìí, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Èkó, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ló mọ ewúrẹ́ tí ó yẹ fún un. Ó gbé ewúrẹ́ méjì sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó dé Àkúrẹ́ ní aago méje àárọ̀. Nígbà tí àsun jinná, tí òórùn ata àti àlùbọ́sà gba gbogbo ọgbà, àwo gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó na ọwọ́. Ẹni tí ó ń pín in ní, "Ẹ dákun sà, ti àwọn ọ̀gá tábìlì iwájú ni." Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwa jókòó ní ìdí tábìlì iwájú náà. A rí i. A sì ń jẹ lọ.

Kò sọ nǹkan kan. Ó kí gbogbo wa pé ó dàárọ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, kò wá sí ìpàdé. Oṣù kejì, kò wá. Oṣù kẹta, kò wá. Kí ni ẹgbẹ́ ṣe? A kọ ìwé sí i pé kí ó san owó ìtanràn àìwásípàdé. Àwa alukoro fúnra wa ni a fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó san owó náà ní ọjọ́ kejì, kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ní oṣù karùn-ún, a gbọ́ lẹ́nu ará ìta pé ìyá rẹ̀ ti wọlẹ̀, wọ́n sì ti sin wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí lára wa. Kí ni à ń ṣe ẹgbẹ́ fún bí kò ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin yìí ti bá mẹ́sàn-án nínú wa sin òbí. Nígbà tí ó kan tirẹ̀, kò sí aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Nítorí àwo àsun kan.

Àwa mẹ́fà ni a lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé. A ti múra ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láti Àkúrẹ́, Ààrẹ ìgbà náà sì ti pín in fún wa, ẹni tí yóò sọ ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí yóò sọ ti ìparí. A dé ibẹ̀, ó ní kí a jókòó. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé omi kaná fúnra rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ṣúgà mélòó. Ó gbé tíì náà fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ pín fún un mọ́. A kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ dìde. Mo ní ewúrẹ́ nílé. Ẹran kọ́ ni mo ń wá."

Nídìí iṣẹ́ báńkì, a ti rí i pé oníbàárà kì í sábà kó owó rẹ̀ lọ nítorí èlé. Ó ń kó o lọ nítorí pé ó dúró lójú kántà, ẹni tí ó yẹ kí ó dá a lóhùn sì gbójú fò ó. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé ni ẹ ó rí i pé ó ti lọ. A mọ èyí lẹ́nu iṣẹ́, a kò mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a sọ tiwa ní ọdún kẹwàá, kí ó má baà pé ogún.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ti yí nǹkan mẹ́ta padà. Ìkíní, láti ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ni ó sì ń jẹun kẹ́yìn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìkejì, ibi ìpàdé ni a ti ń se omi tíì. A ra kẹ́tùlù oníná méjì, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan wà ní Oǹdó, sítóòfù gáàsì sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná kò bá sí. Ìkẹta, ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó pè é, a ó sì dé ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan ìtanràn. Èyí ni ó wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni ó jẹ́ kí á tètè gbọ́ nípa àìsàn àwọn méjì nínú wa, àwọn méjèèjì sì wà pẹ̀lú wa níbí lónìí.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ní ìpàdé tó kọjá, ṣíbí mẹ́rin péré ni a rí, bírò sì tún fẹ́ jáde.

Ẹ̀yin àlejò wa, iyán gbígbóná ni ti òní. Ẹ̀yìn ọgbà yìí ni wọ́n ti ń gún un, ẹ ti ń gbọ́ ìró odó láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀. Tábìlì tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ ọjọ́ náà ni ó ra ti òní. Ẹ má wò yíká, a kò ní fi í hàn yín. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tí oúnjẹ kò kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú lọ sílé. Ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ pe alukoro. Àwa kò tíì jẹun, a ó sì dá yín lóhùn.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣe ti ogún ọdún papọ̀. Oúnjẹ kò ní wọ́n nílé wa, ẹni tí yóò bá wa jẹ ẹ́ kò ní wọ́n wa.