Iṣan Ẹ̀yìn Itan Tó Le: Ohun Tí Ọwọ́ Lè Ṣe Àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ilé tí ọmọ tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà. Bí ọmọ bá ti pápá dé tó ní ẹ̀yìn itan ń fa òun, omi gbígbóná àti ìpara tó ń ta ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé, a ó sì fi gbogbo agbára wọ́ ẹsẹ̀ náà. Nígbà mìíràn ó ń ṣàǹfààní. Nígbà mìíràn, ṣe là ń ba nǹkan jẹ́.

Iṣan mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara egungun tí a fi ń jókòó, wọ́n sì so mọ́ egungun nísàlẹ̀ orúnkún. Bí eléré bá na ẹsẹ̀ síwájú nínú eré àsápajúdé, àwọn ló ń kó ẹsẹ̀ náà níjàánu kó tó kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń já. Ẹ rántí Usain Bolt ní London lọ́dún 2017: nínú eré ìkẹyìn rẹ̀, iṣan yìí mú un, ó sì ṣubú sórí pápá níṣojú gbogbo ayé.

Kí á tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó ń ṣe é:

1. Líle: díẹ̀díẹ̀ ló ń dé, ó sì ń dẹ̀ bí ara bá ti gbóná. Èyí ni ọwọ́ lè ràn lọ́wọ́.

2. Jíjá: òjijì ni, bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù láti ẹ̀yìn. Ó lè wú tàbí kó dúdú. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má da omi gbígbóná sí i. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

3. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ṣe yìnrìnyìnrìn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè jẹ́ láti ẹ̀yìn ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀yìn wò.

Fún èyí tó le lásán, oníṣẹ́ físíótẹ́rápì yóò fi òróró wọ́ ọ jẹ́jẹ́ láti orúnkún lọ sókè. Lẹ́yìn náà, yóò gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Eléré yóò fi gìgísẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 sí 10, yóò dẹ ara, wọn yóò sì na ẹsẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọdọ̀ di ohun tí ọmọ ń ké lé lórí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìrọ̀rùn tí ọwọ́ ń mú wá kì í pẹ́. Iṣan náà kò gùn sí i lọ́jọ́ náà. Ara ló gbà fún un láti nà díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ó yẹ kí á fún un lágbára. Kí ọmọ kúnlẹ̀, kí ẹnìkejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láìká ìbàdí. Ìwádìí láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù fi hàn pé eré yìí ń dín ìpalára iṣan náà kù ní nǹkan bí ìdajì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi kó lè padà wọ pápá. Kò pé ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n fi gbé e jáde, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún fi parí. Iṣan tó ti já rí kì í pẹ́ tún já. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin kóòṣì, ife ẹ̀yẹ kan kò tó ẹsẹ̀ ọmọ.