A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán wa ni pé kí a wá sọ bí a ó ti ná owó tí gbogbo wa dá jọ. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́kàn, tí ẹ sì ń fẹ́ kí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kí àwọn ará òkè òkun tó padà. A kò wá láti tako gbọ̀ngàn. Ohun tí a wá bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a dáwọ́ dúró títí ìgbà òjò tí ń bọ̀ yóò fi dé, kí a sì kọ́kọ́ bi ìlú léèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni a dá owó jọ tí a fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. A gbé e sí ẹ̀bá títì nítorí pé ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ wá lè dé ibẹ̀. Àti, kí a má purọ́, nítorí pé àwọn tó bá ń kọjá lọ yóò rí orúkọ ẹgbẹ́ wa lára rẹ̀. A ṣí i, a ya àwòrán, a jẹ, a mu, a sì tú ká. Nígbà tí a padà dé ní ọdún kejì, ẹ̀rọ ti dákẹ́, koríko sì ti yí i ká. A rí ìyá kan tó ru omi odò kọjá, a bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi dá owó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ìyá náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ni ín?"

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé láti àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí èrò pọ̀ sí jù, kànga wa jìnnà ju odò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n ni, wọn ìbá ti fi ibi tó yẹ hàn wá, wọn ìbá sì ti yan ẹni tí yóò máa gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ apọnmi fún àtúnṣe. Àwọn bàbá wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwa fá a lẹ́yìn rẹ̀, a sì fi abẹ gé e lórí.

Kì í ṣe pé àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe gudugudu méje. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà ló sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Nígbà náà, ìlú tí kò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti di ẹrù wọn lọ sí ìlú onílùú kí wọ́n tó lè kàwé kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, ohun tí a ṣe aláìní pọ̀, èyí tó sì ń ni ènìyàn lára jù lọ nínú wọn kì í hàn sí ẹni tó ń gba ojú títì kọjá.

Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Chambers kọ ìwé kan jáde ní 1983 lórí ìdàgbàsókè ìgbèríko. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí àlejò rí ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ ará oko: pé ojú ọ̀nà ọlọ́dà ni àlejò máa ń gbà, pé àwọn ọkùnrin àti àwọn ènìyàn ńlá ìlú ló máa ń bá sọ̀rọ̀, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń wá. Nígbà tí a ka èyí, ojú tì wá, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà ti jókòó sí ìpàdé wa rí.

Ẹ rò ó wò. Oṣù Kejìlá ni a máa ń pàdé. Ọyẹ́ a dé, ilẹ̀ a gbẹ, ọkọ̀ a sì lè dé ibi gbogbo tó bá wù ú. Èyí tó ń dà wá láàmú nígbà náà ni eruku, àti pé kò sí ibi tí a lè jókòó sí tí oòrùn kò ní pa wá. Èyí ló fi jẹ́ pé gbọ̀ngàn ni ọkàn wa máa ń fà sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, àti láti oṣù Kẹsàn-án lọ sí ìkẹwàá, odò tó dábùú ọ̀nà oko a máa kún. Àwọn alágbàtà kì í fẹ́ sọdá rẹ̀. Tòmátì àti ata a máa rà ní abà, ẹni tó bá sì rí ọkọ̀ tí yóò kó o yóò tà á ní iyekíye tí wọ́n bá dá lé e. Àwọn ọmọ abà kì í lè dé ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìrọbí bá mú aboyún ní irú òru bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbé e yóò dúró létí odò títí omi yóò fi fà. Àwọn mìíràn nínú yín tí ẹ ń gbé òkè òkun kò tíì fojú rí odò yẹn nígbà tó kún láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọdé. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ìgbà ìsinmi yín ni kò bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń gbé Èkó pẹ̀lú, tí a kò ní àwáwí kankan.

A kò sọ pé afárá odò náà ni ìlú yóò yàn. A kò mọ̀. Nítorí pé a kò mọ̀ ni a ṣe dìde dúró níwájú yín.

Àwọn kan sọ fún wa pé ìbéèrè ti parí, pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ti fi èrò wọn hàn lórí WhatsApp. A ka àwọn èrò náà, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n ìyá tí a bá pàdé lọ́jọ́ náà kò sí níbẹ̀, ará abà kò sí níbẹ̀, àgbẹ̀ àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí a ti ń fẹ́ kí ó rí nìyí. Kí a kọ́kọ́ ka ilé, àdúgbò kan lẹ́yìn èkejì, kí a má sì fo abà kankan. Ìkànìyàn tí ìjọba ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Ọmọ tí a bí lọ́dún náà ti di géńdé. A kò lè fi iye ìgbà náà pín ohunkóhun lónìí.

Lẹ́yìn èyí, kí a pe àwọn ènìyàn jọ, ṣùgbọ́n kí a má pe gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Kábíyèsí, a tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá jókòó sí, ta ni yóò la ẹnu sọ pé ohun tí olóyè kan fẹ́ kò tọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ilé kì í fẹ́ fọhùn níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Kí àwọn àgbà ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wà lọ́tọ̀, kí àwọn ìyá àgbà àti àwọn ìyàwó ilé ní ìjókòó tiwọn, ní ìrọ̀lẹ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí obìnrin ni yóò bi àwọn obìnrin léèrè. Èyí kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn Ìjẹ̀bú ní régbérégbé tiwọn títí di òní, ọjà ní Ìyálọ́jà, olúkúlùkù ilé sì ní baálé. Àwa ni a jẹ́ kí ìpàdé kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, gba ipò gbogbo wọn.

Bí a ó ti bèèrè tún jẹ wá lógún ju ẹni tí a ó bi lọ. Bí a bá débẹ̀ tí a ní, "Kí ni ẹ fẹ́?" wọn yóò wo aṣọ ọrùn wa, wọn yóò sì dárúkọ ohun tí wọ́n bá rò pé a mú wá. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. "Nígbà tí ẹ jáde lọ pọnmi lánàá, báwo ni ó ti pẹ́ tó kí ẹ tó padà?" Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbà pé omi kò súnmọ́ ènìyàn tó bí lílọ, dídúró lórí ìlà àti bíbọ̀ bá ju 30 ìṣẹ́jú lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n yìí wo àdúgbò kọ̀ọ̀kan. "Nígbà tí ara ọmọ yín gbóná kẹ́yìn, ibo ni ẹ gbé e lọ, èló sì ni ẹ san fún ọlọ́kadà?" Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi tan ènìyàn.

Nígbà tí ohun tí wọ́n ṣe aláìní bá ti jáde, kí a fi àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún un lórí ilẹ̀: igbá fún omi, pákó fún afárá, bébà fún ilé-ẹ̀kọ́. Kí a fi wọ́n wéra ní méjì méjì, kí àwọn tó jókòó sì sọ èyí tó ṣíwájú àti ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ìgbà 15 ni a ó wé wọn. Ó ń gba àkókò, àmọ́ nínú àríyànjiyàn yẹn ni ọgbọ́n wà. Lẹ́yìn náà, kí a fún olúkúlùkù ní hóró àgbàdo mẹ́wàá, kí ó pín in sórí àwọn àmì náà bó ti wù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò dìbò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé, a ó sì ka hóró náà lójú gbogbo wọn.

Ní ibí yìí, ẹnu ìgbìmọ̀ kò kò. Àwọn kan nínú wa ní kí a ro gbogbo hóró ìlú pọ̀, kí èyí tó bá pọ̀ jù borí. Àwọn mìíràn, tí a sì gbà pé wọ́n jàre, ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdúgbò ńlá yóò gbé abà mì. Nítorí náà, kí a kọ ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí a sì gbé gbogbo rẹ̀ wá síwájú ìpàdé yìí bó ti rí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀nà àdúgbò, ojú gọ́tà, ọjà àti ibi ìdọ́kọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Bí a bá mú ìwé tí àdúgbò gbogbo fọwọ́ sí lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ wa yóò wúwo ju ti ìgbìmọ̀ tó wọ agbádá lọ kí alága kú ọdún. Nígbà tí ètò CSDP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ń lọ lọ́wọ́, kò gba ìwé ìlú tí kò bá tíì pé jọ yan ohun tó fẹ́ fúnra rẹ̀, ìlú náà sì ní láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ti dá owó sí nǹkan kì í bèèrè pé ta ni ó ni ín.

Àtakò kan wà tí a kò fẹ́ fi ojú kékeré wò. Wọ́n ní bí a bá bi ènìyàn ní ohun tó fẹ́ tí a kò sì ṣe é, a ti dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀ ni. Òtítọ́ ni. Nítorí náà, kí a sọ iye owó tó wà lápò fún wọn kí a tó bèèrè ohunkóhun, kí a sì padà lọ sọ ohun tí a pinnu fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àti ìdí tí a kò fi ṣe ìyókù. Bí ó bá sì jẹ́ gbọ̀ngàn ni ìlú yàn, àwa tí ẹ ń wò yìí ni yóò kọ́kọ́ ru búlọ́ọ̀kù.

Ìwé kíka ilé yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní. Ìjókòó àwọn àdúgbò yóò wáyé ní oṣù Keje, nínú òjò. Ẹ̀yin tí ẹ bá lè gba ìsinmi yín nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá, kí ẹ sì mú bàtà òjò dání. Ènìyàn méjì ni a ń fẹ́ láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Akọ̀wé wa wà lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, ìwé náà sì wà níwájú rẹ̀. Títí di ìgbà tí a fi dìde sọ̀rọ̀, àdúgbò mẹ́ta péré ló tíì fi orúkọ obìnrin sílẹ̀.