A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọjọ́ Kìn-ín-ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ Nínú Ìtàn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo sì fẹ́ kí a jọ wò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo mú nínú ọdún, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí a máa ń jẹ tí a máa ń mu, tí a sì ń kí ara wa kú ọdún, kú ìyèdún. Ní ọjọ́ yìí kan náà, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ènìyàn kọ ìwé tí ó sọ ẹrú di òmìnira, wọ́n sì kọ èyí tí ó sọ onílẹ̀ di ẹni tí àjèjì ń jọba lé lórí. Ìbéèrè kan ni n óò máa bi ìwé kọ̀ọ̀kan: níbo ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1804, ní ìlú Gonaïves, Jean-Jacques Dessalines, ọ̀gágun tí ó ti ṣe ẹrú rí, dúró láàárín àwọn ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kéde pé ilẹ̀ tí Faransé ń pè ní Saint-Domingue, ilẹ̀ ìrèké àti kọfí tí òógùn ẹrú sọ di ọlọ́rọ̀, ti bọ́ kúrò lábẹ́ Faransé títí ayé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1791 ni àwọn ẹrú ibẹ̀ ti dìde ogun. Toussaint Louverture, akọni tí ó ṣíwájú wọn, kú sínú túbú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1803, kò fojú rí òpin ìjà náà. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, àwọn tí ó fi sílẹ̀ ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Napoleon ní Vertières. Louis Boisrond-Tonnerre, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ni ó kọ ìwé ìkéde. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; nítorí náà ni wọ́n ṣe bọ́ orúkọ tí olówó ẹrú fún ilẹ̀ náà sọnù, tí wọ́n mú Haiti, orúkọ tí àwọn Taíno, onílẹ̀ àtijọ́, fi ń pè é. Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nago, wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, títí di òní ni Ògún Lákáayé sì ń gba ọ̀wọ̀ nínú ẹ̀sìn Vodou, tí wọ́n ń pè é ní Ogou. Ní ọdún 1825, Faransé fi ọkọ̀ ogun halẹ̀ mọ́ wọn, ó sì bu mílíọ̀nù 150 owó fránkì lé wọn lórí kí ó tó gbà pé wọ́n ti dá dúró, ìyà ńlá sì ni gbèsè náà jẹ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dá wọn padà sóko ẹrú mọ́. Ní Gonaïves, olórí wà níbẹ̀, òun náà ni ó sì mú abẹ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé, sí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Ní ọdún 1845 ni Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè, tí í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́. Akítóyè dé Àgbádárìgì, ó ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n gba òun, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú tí ń kó ọmọ wa lọ sí Bahia àti Cuba. Ní òpin ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ ogun àwọn tí ó gbé e padà sórí oyè. N kò ní í bu ẹnu àtẹ́ lu ohun rere tí ìwé náà ṣe, nítorí pé òwò ẹrú láti Èkó rọlẹ̀, a kò sì lè fi ojú kékeré wo ìyá tí wọn kò tún jí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́. Ṣùgbọ́n ọba tí ó fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ ẹnu àgbá ẹni tí ó gbà á, gbèsè ni ó jẹ. Ọdún kẹwàá kò tíì pé nígbà tí wọ́n wá sin ín: ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú, ọmọ rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọjọ́ ẹkún ni ọjọ́ ọdún tuntun jẹ́ fún ẹrú, nítorí pé ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ olówó ẹrú ń fi wọ́n háyà fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n tà wọ́n láti san gbèsè, tí ìyá àti ọmọ sì ń pínyà. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọdún 1863, àwọn ènìyàn dúdú ṣe àìsùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń retí ìkéde tí Ààrẹ Abraham Lincoln ti ṣèlérí. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ sí i pé gbogbo ẹrú tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń bá ìjọba jagun ti di òmìnira, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn lé ní mílíọ̀nù 3. Ìwé náà kò kan ẹrú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ tí kò bá wọn ṣọ̀tẹ̀, ẹrú kankan kò sì bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, àwọn ènìyàn náà kò sì káwọ́ gbera. Kí ìwé náà tó jáde ni wọ́n ti ń sá wọ àgọ́ àwọn ọmọ ogun Àríwá, tí í ṣe ti ìjọba. Nígbà tí ó jáde tán, nǹkan bí 180,000 ọkùnrin dúdú ni ó gbé ìbọn kí ogun náà tó parí, títí tí òfin ilẹ̀ fi pa oko ẹrú rẹ́ pátápátá ní ọdún 1865. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n mú un ṣẹ.

Ó kan tiwa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Lugard sì di alákòóso Àríwá Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 1914, Lugard yìí kan náà ni ó kéde pé Àríwá àti Gúúsù ti di ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: owó tí ń wọlé ní Àríwá kò tó ìnáwó rẹ̀, owó ibodè Gúúsù sì pọ̀, ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ń fẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Tiv tàbí Ìjọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ bá ara wọn gbé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì béèrè irú ìgbé tí wọ́n fẹ́. Wọ́n fá orí lẹ́yìn olórí, ọ̀rọ̀ tí a kò sọ nígbà náà ni a sì ń bá fà títí di ìsinsìnyí.

Ìdájọ́ mi nìyí: ọjọ́ kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀, ènìyàn ni í fi agbára sí i. Ìwé tí a kọ lójú olóhun ń dúró, bí ìyà tilẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ kì í di tirẹ̀ títí yóò fi dìde gbà á ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò òfin ilẹ̀ yìí, tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ tàbí tí wọ́n ń yí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ padà, ẹ má ṣe dúró dé ọjọ́ tí wọn yóò kà á fún yín lórí rédíò. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ sọ ti inú yín, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.