Omi Gbígbóná àti Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun



Àṣà àtayébáyé ni ní ilẹ̀ Yorùbá pé bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò gbé omi ka iná. Yóò ri aṣọ bọ inú omi náà, yóò fún un, yóò sì fi tẹ ikùn àti ìbàdí ìyá ọlọ́mọ. Ìfẹ́ ni ó bí àṣà yìí. Ooru níwọ̀nba a máa dẹ iṣan, a sì máa tu ara. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n, ewu ni.

Ewu kìíní ni kí omi jó ìyá ọlọ́mọ. Omi tí ó bá gbóná dé dígírì 60 ti Celsius lè jó awọ àgbàlagbà gidigidi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 péré. Omi tí ń hó sì tó dígírì 100. Ọwọ́ ìyá àgbà tí ó ti ń dáná láti ọdún pípẹ́ ti yi, kì í tètè mọ ooru. Awọ ikùn kò yi tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni òkúta gbígbóná tí a wé sínú aṣọ: a máa pa ooru mọ́ pẹ́, a sì máa jo ara lábẹ́ aṣọ.

Ewu kejì ni ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan gbàgbọ́ pé títẹ ikùn ni yóò lé ẹ̀jẹ̀ búburú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń súnkì, tí yóò sì padà sí bí ó ti wà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí ó ń rin aṣọ kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ti ìkòkò omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìlàjì lítà láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ sí ewu. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé-ọmọ súnkì ń bẹ ní ilé ìwòsàn; kò sí nídìí ààrò.

Àwọn kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ rárá. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bí, kí a má ṣe tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, tí ó gbóná tí ó sì ń ro ó, kí a má ṣe wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ibẹ̀, kí ó sì tú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ibà mú, tàbí tí ohun tí ń dà lójú ara rẹ̀ ń rùn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìyá ọlọ́mọ tí ara rẹ̀ le, kí ó jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ó kọ́kọ́ fi inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọ wò. Kí ó rọra fi aṣọ lé ara, kí ó má ṣe fi agbára tẹ̀. Bí ìyá ọlọ́mọ bá ní ó gbóná jù, kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ: ara rẹ̀ ni, òun ni ó mọ̀ ọ́n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àgbà ilé máa ṣọ́ ìyá ọmọ náà pẹ̀lú.