Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Ayálégbé

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù lè kúrò nílé òbí rẹ̀ láì jẹ́ pé ilé ìtọ́jú ló ń lọ. Yóò gba fúláàtì tirẹ̀, tàbí yàrá kan nínú ilé àjùmọ̀gbé, òṣìṣẹ́ yóò sì máa wá bá a níbẹ̀ fún iye wákàtí tí àìní rẹ̀ bá gbà. Supported living ni wọ́n ń pè é. Ìwé méjì ló yà á sọ́tọ̀: ọ̀kan jẹ́ àdéhùn láàárín ayálégbé àti onílé, èkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń pèsè òṣìṣẹ́. Nílé ìtọ́jú, ẹni tó bá bá òṣìṣẹ́ jà ti bá onílé jà nìyẹn. Nínú ètò yìí, wọ́n lè pààrọ̀ òṣìṣẹ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó kàn jẹ́ pé àwọn onílé àti ilé iṣẹ́ ìtọ́jú kan lẹ̀ mọ́ra débi pé ìyàtọ̀ náà kò kọjá orí ìwé.

Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n gbà débẹ̀. Ní 1962, àwọn òbí kan dá ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ sí National Autistic Society lónìí sílẹ̀. Ní 1974, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìtọ́jú Somerset Court fún àwọn tó ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn, ọsibítù ni wọ́n há wọn mọ́. Ní 2011, ètò Panorama ti BBC fi hàn bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn tó wà ní ọsibítù Winterbourne View, lẹ́bàá Bristol. Ìjọba ṣèlérí pé kó tó di Okúdù 2014, ẹni tí kò yẹ kó wà nírú ọsibítù bẹ́ẹ̀ yóò ti jáde. Ọjọ́ pé, ìlérí kò ṣẹ.

Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń yẹ àìní ẹni wò lábẹ́ òfin Care Act ti 2014. Òfin Mental Capacity Act ti 2005 sì ní kí wọ́n ka àgbàlagbà sí ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é. Bí ayálégbé bá ná gbogbo owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sórí rélùwéè ìṣeré, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí.

Iṣẹ́ gan-an wà nínú bí òṣìṣẹ́ ṣe ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Tíì ṣíṣe lásán lè gba oṣù mélòó kan. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ: òṣìṣẹ́ yóò gbé omi kaná, yóò da tíì, yóò fi mílíìkì sí i, ayálégbé yóò kàn rò ó pọ̀. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, mílíìkì náà di tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó kan omi. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ń parí sí lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ tó dúró tì í lánàá yóò bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé pálọ̀. Àwòrán ẹni tó ń bọ̀ àti aago tí yóò dé máa ń wà lára ògiri. Bí àjòjì bá kanlẹ̀kùn dípò ẹni inú àwòrán, gbogbo ọjọ́ náà lè dàrú.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù kò kéré, ohun tí wọ́n bá wá láti ilé sì lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ọmọ tí kì í wo àgbà lójú, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Ọ̀kan lára àmì ọ́tísíìmù lè fara pa mọ́ síbẹ̀. Ẹni tó sì bá òṣìṣẹ́ pàdé láàárọ̀ tí kò kí i, kì í ṣe àfojúdi ló ń ṣe.

Òru ló máa ń gbẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ lè kọ́kọ́ máa jókòó láìsùn, kó wá di ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì, kó tó di ohùn lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ìnira wà: bí ayálégbé bá ti ṣe dáadáa, ìjọba ìbílẹ̀ lè gé wákàtí rẹ̀ kù, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí wọ̀nyẹn ló mú un dúró. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ sílẹ̀, pàápàá òru tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rárá.