Ilé Olódi Tí Ó Ṣọ́ Ọ̀nà Òkè Stainmore

Ìtàn ilé olódi kan tí ó ti di àwókù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dópin, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí wa.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀wọ́ òkè kan tí à ń pè ní Pennines pín ilẹ̀ náà sí méjì. Ẹni tí ó bá ń ti York lọ sí Carlisle ní láti wá ibi tí òkè gbé rẹlẹ̀ kí ó tó lè kọjá. Stainmore ni irú ibi bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gíga rẹ̀ ju 1,300 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òjò dídì a sì máa dí ọ̀nà ibẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn ará Róòmù la ọ̀nà gba ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ àgọ́ ọmọ-ogun kan, Verterae, sí ẹsẹ̀ òkè náà níhà ìwọ̀-oòrùn.

Ní 1092, William Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, gba Carlisle. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà Stainmore mú ti di ìlẹ̀kùn ilẹ̀ náà mú. Ní nǹkan bí àkókò yìí ni a kọ́ ilé olódi Brough sórí àwókù àgọ́ àwọn ará Róòmù.

Ní 1174, William, ọba Skotland, tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, gbé ogun dé. Ìlú Appleby túúbá láìjà, ṣùgbọ́n Brough kọ̀. Nígbà tí ọ̀tá gba odi, àwọn tí ń ṣọ́ ọ sá wọ ilé ìṣọ́. Ọ̀tá sì ti iná bọ̀ ọ́. Akọ̀wé ìgbà náà kan, Jordan Fantosme, sọ pé nígbà tí àwọn yòókù ti juwọ́ sílẹ̀, jagunjagun kan ṣoṣo tún gun òkè, ó ń ju ọ̀kọ̀ lu ọ̀tá. Nígbà tí ọ̀kọ̀ tán, ó mú igi ṣóńṣó. Nígbà tí igi náà tán, òun pẹ̀lú túúbá. Lẹ́yìn náà ni a fi òkúta kọ́ ilé ìṣọ́ mìíràn.

Ogun wó Brough, Brough dìde. Ìdílé Clifford wá jogún rẹ̀. Ní 1521, lẹ́yìn àsè Kérésìmesì ńlá kan, iná jó ilé náà, ó sì wà láìní òrùlé fún nǹkan bí 140 ọdún. Obìnrin kan ni ó tún un gbé dìde. Anne Clifford, tí a bí ní 1590, jà fún ogún bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1643 ni ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó kúrò ní gúúsù, ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ilé olódi ìdílé rẹ̀ ṣe. Ẹni bí 70 ọdún ni nígbà tí ó tún Brough ṣe láti 1659 sí 1661.

Ó kú ní 1676. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ kò ka Brough sí. Ní 1695 wọ́n kó ohun tí ó wúlò nínú rẹ̀ lọ tún Appleby ṣe. Ní 1763 wọ́n yọ lára òkúta rẹ̀ lọ tún ilé ọlọ kan ṣe. Ní nǹkan bí 1920, apá kan ilé ìṣọ́ náà wó lulẹ̀. Ní 1921 ni a tó fi í sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Àwókù ni ó wà títí di òní.

Ẹ̀yin ará ìlú mi, iná ọ̀tá kò pa Brough. Ọwọ́ àwọn onílé ni ó pa á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, páànù ilé bàbá mi jò fún ọdún mẹ́ta nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lájò. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó, yàrá tí a bí mi sí sì ń rà. Ojú tì mí nígbà tí mo dé. Kí olúkúlùkù wa, kí ó tó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ lọ wo òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.